Ẹ Ṣé Àná O

Ọpẹ́ wà lára ohun tí mò ń tà jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, àdúgbò tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ iṣẹ́ bébà àti íǹkì. Ìwé ètò ìsìnkú, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìṣílé, ti ọgọ́rin ọdún Màmá, ti ìdúpẹ́ ẹni tí mọ́tò dànù tí kò kú: bí wọ́n bá fún yín ní ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní Sátidé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú wa ló ti jáde. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ kò sí ìjọ tí mi ò tíì bá tẹ ìwé ìdúpẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ yẹn lórí kọ̀ǹpútà ní gbogbo àwọ̀ tí ojú ń rí.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ọpẹ́ wà lára ohun tó lè dín másùnmáwo kù, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ta ló tún ń dúpẹ́ tó wa? Ẹ bi ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kú sí àárín Third Mainland Bridge láàárọ̀ Mọ́ńdè pé báwo ni nǹkan. Òógùn á máa ṣàn lára rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fun fèrè, á sì ní, "À ń dúpẹ́." Bó bá jẹ́ pé ọpẹ́ orí ahọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ni, ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Èkó ti kógbá wọlé.

Mo ti wá gbà fún un, lápá kan. Ọpẹ́ ń ṣe ara lóore, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọpẹ́. Èyí tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó ní orúkọ èèyàn nínú, tí ẹni náà sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Èyí tó kù, afẹ́fẹ́ ni, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ burú ju afẹ́fẹ́ lọ. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Fúráìdé ná. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí másùnmáwo, kó wá jókòó sí Ṣómólú láti àárọ̀ Fúráìdé títí di ọ̀gànjọ́. Àwọn tó fẹ́ sìnkú bàbá wọn, tí wọ́n ti mú ọjọ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn, alẹ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà láti ara fọ́tò mìíràn tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, tí iná fóònù wá tàn yòò sí iwájú orí bàbá. Wọ́n á ní kí n bá àwọn "fọ̀ ọ́". Màá fọ̀ ọ́. Màá to ìwé tán, wọ́n á ní ó ti dára, a ó ti ṣe pléètì, ìyẹn páànù tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ìgbà yẹn ni ọmọ kan á pè láti Kánádà pé orúkọ ọkọ òun kò sí láàárín àwọn àna. Owó pléètì wọgbó nìyẹn. Iná ti lọ látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ Alájì tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord tí mò ń gbé iṣẹ́ lọ bá nìkan ló ń dún ládùúgbò, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì sì ti tò sílẹ̀ níwájú tèmi. Bó bá lọ jẹ́ àsìkò òjò, bébà á ti fa ọ̀rinrin sára, á máa lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ á máa gbé méjì pọ̀, Alájì á dá a dúró, á ya bébà nípá, á tún un tò, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, fóònù mi kò sinmi.

"Madam, ṣé ó ti wà lórí máṣíìnì?"

"Ó ti wà lórí máṣíìnì, sà."

Kò sí ẹni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú tí kò tíì sọ gbólóhùn yẹn nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹnu á ti sọ ọ́ tán, àyà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún un. Èjìká á gòkè lọ bá etí. Eyín á pa pọ̀. Bí ẹ bá wo àwa tó dúró yí ẹ̀rọ ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó rò pé ìjà la fẹ́ jà.

Nọ́ọ̀sì tí mo sọ yẹn, ẹ̀gbọ́n oníbàárà mi kan ni. Ó wá gba ìwé fún àbúrò rẹ̀, ó rí bí mo ṣe ń mí, ó sì yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú báàgì. Nọ́ńbà tó jáde lé ní 140 lókè, ó lé ní 90 nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn dókítà fi ààlà sí. Ó ní wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó fi dájọ́, pé kí n lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tí ara mi balẹ̀. Mo lọ. Wọ́n fún mi lóògùn, mo ṣì ń lò ó títí dòní, mo sì dín iyọ̀ àti magí kù. Mo sọ èyí síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa mú ọ̀rọ̀ mi lọ sọ pé ẹnìkan ní Ṣómólú fi ọpẹ́ lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ.

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ọpọlọ bá ti rí ewu, á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré méjì tó dé orí kíndìnrín bí fìlà. Wọ́n á tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀: ọkàn á máa lù kìkì, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ṣúgà á sáré jáde kí iṣan lè rí agbára lò. Èròjà kejì, cortisol, á wá tẹ̀lé e, ìyẹn kì í sì í tètè kúrò nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára fún ẹni tí ajá ń lé. Á sá, ajá á padà lẹ́yìn rẹ̀, ara á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò ṣeé sá fún, Fúráìdé mìíràn sì ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lọ́rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ni pé kò dúró síbẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, kí lẹ máa ń rò?"

Mo wò ó wò. Ẹjọ́ ni mo máa ń rò. Orí ibùsùn ni mo ti máa ń fún àwọn oníbàárà lésì tí mi ò lè fún wọn lójúkojú. Mo ti borí púpọ̀ nínú wọn nínú òkùnkùn.

Ó ní ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀: kí n tó sùn, kí n rántí ẹnìkan tó ṣe mí lóore lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà mo kà nípa ìwádìí tí Alex Wood àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìlú Ọba, tí wọ́n gbé jáde ní 2009. Wọ́n rí i pé àwọn tó máa ń mọ oore ń sùn dáadáa ju àwọn tó kù lọ, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé orí ìrònú tó máa ń gba ọkàn èèyàn kan kí oorun tó gbé e. Ẹni tó ń fi oore ṣe ìrònú àsùn kì í ráyè ro ẹjọ́. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀, ó sì le bẹ́ẹ̀, nítorí ẹjọ́ ń dùn-ún rò ju oore lọ. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Àmọ́ èmi kò lè rántí oore kí n má rántí Pópó Àgùdà. Ìyá tó bí ìyá mi, Lagos Island ló gbé títí tó fi kú, nítòsí Campos, láàárín àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn padà ti Brazil àti Cuba dé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Good Friday, àwọn Àgùdà yìí máa ń se frejon: ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí ó fi ki, tí a ó fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Wọ́n kì í dá a jẹ. Wọ́n á bù ú kiri àdúgbò, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Tó bá di Iléyá, ẹran tiwa náà á gba ojú ọ̀nà kan náà padà lọ.

Bí ilẹ̀ Sátidé yẹn bá ti mọ́, kí a tó fi nǹkan kan ẹnu, ìyá àgbà á kó àwa ọmọ jọ. Àwo ti dán, ó ti di ohun kékeré kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwo kì í padà lófìfo nílé tiwa. "Ẹ ti lọ kí wọn?" Ẹ ò ní dá a lóhùn pé a ti dúpẹ́ lánàá nígbà tí wọ́n gbé e wá. Lójú rẹ̀, ọpẹ́ àná kò tíì kà. Ìdùnnú ojú ẹsẹ̀ lèyí, ẹni tí ebi ń pa ló máa dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ gidi ni èyí tí èèyàn sùn, tó jí, tó sì tún rántí. A ó lọ láti ilé dé ilé, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀: "Màmá, ẹ ṣé àná o. Ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á fi kún un."

Ibi tí ìyá àgbà ti yàtọ̀ sí àwọn ìyá yòókù ni èyí: bí a bá padà dé, á bi wá pé, "Kí lẹ sọ?" Lẹ́yìn náà, "Kí ni wọ́n fèsì?" Ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì tó kàn pariwo "ẹ ṣé o" wọlé kò ní rí èsì kan sọ, á sì padà lọ. A wá kọ́ bí a ṣe ń rí èsì gbà. Èèyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan náà. "Màmá, ẹja yẹn, èmi ni mo jẹ orí rẹ̀." Màmá á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ìwọ lo jẹ ẹ́? Ọjà Sangross ni mo ti lọ rà á, mi ò tètè rí èyí tó tóbi." Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé wọ́n lọ sọ́jà nítorí ẹja, pé ẹsẹ̀ dùn wọ́n, pé wọ́n ti jí láti ìdájí tí wọ́n ń ha àgbọn. Oúnjẹ tí a jẹ tán lánàá á tún pọ̀ sí i lọ́wọ́ wa.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyá àgbà fẹ́ràn ìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa, "yin ni yin ni, kí ẹni ṣe mìíràn," èmi kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń sọ ọpẹ́ di ìdẹ tí a fi ń pẹja.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá àgbà ni mo ń wá nínú rẹ̀. Ìwádìí tí gbogbo wọn máa ń tọ́ka sí ni èyí tí Robert Emmons ti Yunifásítì California ní Davis àti Michael McCullough gbé jáde ní 2003. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Fún ọ̀sẹ̀ 10, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn kan ń kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún, kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ. Àwọn kan ń kọ ohun tó bí wọn nínú. Àwọn tó kù ń kọ ohun tó kàn ṣẹlẹ̀. Àwọn olọ́pẹ́ ní ayé tẹ́ àwọn lọ́rùn sí i, wọ́n fojú rere wo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àìsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ráhùn rẹ̀ kéré, wọ́n tún ń ṣe eré ìdárayá ju àwọn tó ń kọ ìbínú lọ. Àwọn méjèèjì tún gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn iṣan, ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Àwọn tó ń kọ ọpẹ́ ní àwọn sùn pẹ́ sí i, ara àwọn sì yá nígbà tí àwọn jí. Àrùn kò lọ o. Oorun ló dára sí i. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn rí ló máa rò pé nǹkan kékeré nìyẹn.

Ti Martin Seligman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005 ló sún mọ́ Pópó Àgùdà jù. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà sí ẹnìkan tó ṣe wọ́n lóore tí wọn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn gbé e lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n dán wò, òun ló gbé inú àwọn èèyàn sókè jù lójú ẹsẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn oṣù bíi kan ó ti ń ṣá. Èyí tó pẹ́ ni pé kí èèyàn máa kọ ohun rere mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lóòjọ́ ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì rí ipa rẹ̀. Èrò tèmi ni pé "ìdí" yẹn lagbára rẹ̀ wà. Bí ẹ bá wá ìdí tí nǹkan fi dára dénú, èèyàn kan lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń ha àgbọn ní ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ètò tí a ká, tí a gún pín-ìn-nì sí láàárín, ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin mẹ́rin: 8, 12, 16. Bí ó bá di 13, ẹ dín ọ̀kan kù tàbí kí ẹ sanwó fún mẹ́ta sí i. Ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń yọ? Ojú ìwé ìdúpẹ́ ni. Wọn kò ní yọ fọ́tò tí Ọ̀gá ti dúró ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọn kò ní yọ orin. Orúkọ àwọn tó wẹ òkú, àwọn tó jókòó ti ìyá arúgbó ní ilé ìwòsàn, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ìlà kan ṣoṣo: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, ẹ pọ̀ ju ohun tí a lè dárúkọ lọ." Mo ti tẹ gbólóhùn yìí débi pé mo ti tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, títẹ bọ́tìnnì kan ló kù. Mi ò tíì rí ẹni tó kà á tí ojú rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá kan tó rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ètò, tó ká a, tó fi sínú bùbá.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi kò ní wàhálà. Mo ní ìwé jọ́bù, níbi tí mo ń kọ iṣẹ́ tó wọlé, owó tí wọ́n san, iye tó kù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo yà sọ́tọ̀. Lálẹ́ Sọ́ńdè, màá kọ orúkọ àwọn èèyàn tó ṣe nǹkan fún mi lọ́sẹ̀ yẹn. Èèyàn nìkan. Mi ò ń kọ ẹ̀mí, ìlera, afẹ́fẹ́. Ọlọ́run ń gbọ́ tìyẹn lórí ìrun. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, ọmọṣẹ́ mi wà níbẹ̀, tó rí i kí a tó ṣe pléètì pé ọdún tí wọ́n kọ fún wa mú kí màmá olóògbé dàgbà ju bàbá tó bí i lọ. Kọ́ńdọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ kí n gbé páálí ìwé sórí ìjókòó láti Ọbalẹ́ńdé láì gba owó ìjókòó méjì. Ìyá ẹlẹ́wà àgànyìn tó bo abọ́ tèmi mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin ibi ẹ̀rọ fẹ́ jẹ ẹ́ tán náà wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sonja Lyubomirsky, tóun náà ń ṣèwádìí lórí ayọ̀ ní California, ti rí i pé àwọn tó ń ka oore tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ jèrè ju àwọn tó ń kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Ó bá mi lára mu. Ohun tí èèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ kì í pẹ́ di "à ń dúpẹ́".

Lẹ́yìn kíkọ, màá mú ẹnìkan nínú wọn, màá lọ bá a. Ti bàbá tó ń gé bébà fún wa ni mo fẹ́ sọ. Fúráìdé kan, iṣẹ́ mi kúrò lórí ẹ̀rọ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, bàbá sì ti yẹ kí wọ́n ti lọ sílé wọn ní Bàrígà. Wọ́n dúró. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Ní Mọ́ńdè mo yà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣé Fúráìdé o."

Wọ́n gbójú sókè. "Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti dá iṣẹ́ yẹn padà ni?"

"Rárá o, sà. Mo kàn wá dúpẹ́ ni."

"Ẹ ti sanwó mi ná."

"Mo sanwó gígé, sà. Mi ò sanwó dídúró."

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní kí ọmọ kan gbé àga wá fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀: pé alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn délé, ìyàwó àwọn bi àwọn pé ta ni obìnrin tí àwọn ń dúró dè, pé àwọn ní oníṣẹ́ ni, pé ìyàwó ní iṣẹ́ wo ló ń parí lóru. A rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù, mo bá ìyá náà sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tiwọn náà nítorí ọkọ wọn tí wọ́n yá mi. Nítorí èyí, bí mo bá rántí Fúráìdé yẹn báyìí, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń pè láti Kánádà ló ń kọ́kọ́ wá sí mi létí.

Ohun tí mo rí lójú bàbá yẹn, Amit Kumar àti Nicholas Epley ti wádìí rẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2018. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rò pé ẹni tó máa gbà á máa ṣe. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé ojú á ti ẹni náà, pé kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn. Wọ́n lọ bi àwọn tó gbà á: ó dùn mọ́ wọn ju bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe rò lọ, ojú kò sì tì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ ní Ṣómólú ní láti gbọ́ èyí, àwọn tí wọ́n gbà pé bí èèyàn bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ á ya ìyàkuyà.

Ó wá ku ọpẹ́ tó burú ju afẹ́fẹ́ lọ. Oníbàárà kan jẹ mí lówó láti ọdún tó kọjá. Mo pè é, ó ní, "Madam, ẹ máa dúpẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ń wọlé fún yín, àwọn kan ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin ní ṣọ́ọ̀bù." Onílé fi owó kún owó ilé, ó ní kí a máa dúpẹ́ pé a rí ilé gbé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ní kí ẹ dúpẹ́ lọ́nà báyìí kì í ṣe ẹni tó ṣe yín lóore. Ẹni tó yẹ kó ṣe nǹkan tí kò ṣe é ni. Wọ́n á gba ọpẹ́ lẹ́nu yín kí ẹ má bàa rí ẹnu béèrè ẹ̀tọ́ yín. Èyí kò lè sọ ara kalẹ̀, nítorí ìbínú tí ẹ gbé mì ṣì wà nínú, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó tún máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan ní àdúgbò wa pàdánù oyún tó ti wọ oṣù kẹjọ. Gbogbo ẹni tó wọlé kí i ló ní, "Dúpẹ́ pé ẹ̀mí tìrẹ wà." Ó ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí tí kò fi jẹun mọ́, tí kò wẹ̀, tí kò dìde nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáa, tó ní ọpẹ́ ti tó, tó mú un lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà fún àìsàn ọpọlọ ní Yábàá, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti 1907 tí àwọn èèyàn ṣì ń bẹ̀rù àtidárúkọ rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì ti padà sídìí ọjà rẹ̀. Ní 2021, David Cregg àti Jennifer Cheavens kó ìwádìí 27 jọ lórí ọ̀rọ̀ kíkọ ọpẹ́ yìí, wọ́n rí i pé ohun tó ń ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn kéré. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, dókítà ló yẹ kó rí, kì í ṣe ìwé jọ́bù mi.

Fún Fúráìdé lásán, fún ìbínú oníbàárà, fún oorun tí kò wá, ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ mú ẹnìkan, ẹ má mú èèyàn pàtàkì. Ẹ dárúkọ ohun tó ṣe. Ẹ dárúkọ ohun tó ná an, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró gbọ́ èsì. Bí ó bá ti pẹ́, kò burú, "ẹ ṣé lọ́jọ́sí" kì í di ẹtì. Ẹ má sì béèrè ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ì báà ṣe nọ́ńbà fóònù ẹnìkan. Ní Èkó yìí, ẹni tó bá pe èèyàn láti dúpẹ́, à ń dúró de ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

Mo pe àbúrò bàbá mi kan ní Ìkòròdú lóṣù tó kọjá. Àwọn ló san owó ìdánwò fún mi nígbà tí mo fẹ́ wọ Yábàá Tẹ́ẹ̀kì láti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ti pẹ́ gan-an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, iye owó náà, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, agbádá tí wọ́n wọ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Èló ni?"

"Kò sí èló, sà. Mo kàn ní kí n dúpẹ́ ni."

Wọ́n ní kò burú, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n pe ọkọ mi láti bi í bóyá ara mi yá.